Láàbù multicast oníráútà méjìlá: ta ló ń ru ẹrù rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé: íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí n da multicast lé e lórí, kí n sì máa ka iye ìlà tó wà nínú tábìlì ráútà (ẹ̀rọ tó ń darí páákẹ́ẹ̀tì) kọ̀ọ̀kan bí ẹgbẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí ti mọ èrò tó wà nídìí multicast. Olùfiránṣẹ́ á fi páákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré sí àdírẹ́sì ẹgbẹ́, àwọn ráútà á sì máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ níbi tí ọ̀nà àwọn olùgbà bá ti pínyà. Steve Deering ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú RFC 1112, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, láti 1989. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bọ́ọ̀lù tí mílíọ̀nù ènìyàn ń wò lẹ́ẹ̀kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ̀dà tirẹ̀ ni sáfà ń fi ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí a ń pè ní unicast. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́, kí n sì fi nọ́ḿbà mọ̀ ọ́n.

Kíkọ́ láàbù

Network namespace ti Linux, tó ń pín kọ̀ǹpútà kan sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni mo lò, torí ráútà méjìlá nínú namespace kò jẹ mẹ́mórì tó bẹ́ẹ̀. Mo pín wọn sí agbègbè mẹ́ta, A, B àti D, ráútà mẹ́rin mẹ́rin, mo sì fi veth, okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfarawé, so wọ́n pọ̀. OSPF ló ń wá ọ̀nà nínú agbègbè kọ̀ọ̀kan, BGP ló ń ṣe é ní ààlà láàárín wọn, nọ́ḿbà AS (nọ́ḿbà ìdánimọ̀ agbègbè) àdáni 65001, 65002 àti 65003 ni mo fún wọn. FRR, sọ́fúwià ráútà, ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, títí kan PIM, èdè tí àwọn ráútà fi ń bèèrè ẹgbẹ́ multicast lọ́wọ́ ara wọn.

A àti D kò kan ara wọn. Ohunkóhun tó bá ń ti A lọ sí D, inú B ló máa gbà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, torí B ni mo fẹ́ máa ṣọ́ jù. Kò ní olùfiránṣẹ́, kò ní olùgbà, ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn lásán ló jẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ pé multicast kò lè gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, irú B yìí ló máa kọ́kọ́ figbe ta.

Olùfiránṣẹ́ mẹ́wàá wà ní A, àwọn olùgbà wà ní D, skríípùtì Python kéékèèké ni gbogbo wọn. Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ wá láti inú 239.0.0.0/8, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlò àdáni, kí ohunkóhun má baà jáde síta tí mo bá ṣèèṣì so láàbù mọ́ ìsopọ̀ gidi.

Nǹkan méjì ló máa ń dènà irú láàbù báyìí kí páákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó ṣí. Èkíní, TTL multicast, tó ń sọ bí páákẹ́ẹ̀tì ṣe lè jìnnà tó, máa ń jẹ́ 1 tí skríípùtì kò bá yí i padà, páákẹ́ẹ̀tì á sì kú sí ẹnu ráútà àkọ́kọ́. Mo gbé IP_MULTICAST_TTL sí 32 láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkejì dùn mọ́ mi jù. Olùgbà wọ ẹgbẹ́ kìíní dé ogún láìsí wàhálà, ó dé orí ìkọkànlélógún, ó dúró:

OSError: [Errno 105] No buffer space available

Mẹ́mórì ṣì pọ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kò tan ìmọ́lẹ̀ sí nǹkan kan. Iye ẹgbẹ́ tí socket kan (ẹnu tí sọ́fúwià fi ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀) lè wọ̀ ni Linux fi ààlà sí, net.ipv4.igmp_max_memberships ni orúkọ rẹ̀, 20 ló sì máa ń jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Namespace kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ìyẹn ni pé a gbọ́dọ̀ yí i padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo gbé e sí 5000, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí èèyàn ronú sí nọ́ḿbà yẹn. Ẹni tó kọ kernel, ọkàn Linux, ti gbà pé ẹgbẹ́ ogún tó fún sọ́fúwià kan. Àwọn tó ń lálàá pé multicast yóò gbé gbogbo ìpàdé fídíò àti gbogbo eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń wò.

Kíka ìlà

Ẹgbẹ́ 2,000 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, olùfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni 200, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní olùgbà bíi mélòó kan ní D. Lórí ráútà kan láàárín B, àṣẹ yìí ni mo ń lò:

ip netns exec b2 ip mroute show

Ìlà kọ̀ọ̀kan tó jáde rí báyìí:

(10.1.0.13,239.1.4.77)  Iif: b2-b1  Oifs: b2-b3  State: resolved

Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ rèé, ẹgbẹ́ rèé, ẹnu tí páákẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ẹnu tó ń gbà jáde. Mo fi wc -l kà á: 2,000. Ó bá ìṣirò mu.

Mo wá dín àwọn olùgbà kù títí tó fi ku ẹyọ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. 2,000 náà ni. Mo tún sọ wọ́n di púpọ̀, mo fi kún wọn débi tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. 2,000. Ibí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí díẹ̀, torí pé orí ìlà yìí ni gbogbo ìṣòro náà dúró lé. Ẹgbẹ́ tí mílíọ̀nù ènìyàn wà nínú rẹ̀ gba ìlà kan nínú B, ẹgbẹ́ tí èèyàn mẹ́ta ti ń ṣe ìpàdé náà gba ìlà kan. Èrè wọn ni kò dọ́gba. Àwọn olùwádìí John Chuang àti Marvin Sirbu ti wọ̀n ọ́n pé iye okùn tí igi multicast (gbogbo ọ̀nà láti olùfiránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn olùgbà) máa ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye olùgbà tí a gbé sókè sí agbára 0.8, tí a bá fi ìpíndọ́gba gígùn ọ̀nà unicast kan ṣe òṣùwọ̀n. Olùgbà 1,000 yóò ná wa bí ọ̀nà unicast 251, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ọkọ̀ lásán. Olùgbà mẹ́ta yóò ná wa bí 2.4. Ìdá kan nínú márùn-ún péré la jèrè, ìlà tí ráútà sì gbọ́dọ̀ rántí kò dín kù rárá. Ẹgbẹ́ kéékèèké ló sì pọ̀ jù láyé.

Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kí gbogbo olùfiránṣẹ́ mẹ́wàá sọ̀rọ̀ sí gbogbo ẹgbẹ́ 2,000, bí ìpàdé tí gbogbo ènìyàn ti ń dá sí i. B di 20,000 ìlà. Unicast kì í ṣe báyìí. Àdírẹ́sì unicast ní ibùgbé: ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà kan náà lè wà lábẹ́ prefix kan, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì tí wọ́n jọ ní. Ìdí nìyẹn tí tábìlì BGP ti IPv4 fún gbogbo ayé fi lè dúró sí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ìlà, kó sì gbé bílíọ̀nù àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ kò ní ibùgbé. 239.1.4.77 àti 239.1.4.78 tẹ̀lé ara wọn lórí ìwé, àmọ́ àwọn olùgbà wọn lè wà ní ìpẹ̀kun ayé méjì, kò sì sí bí a ṣe lè kó wọn sábẹ́ ìlà kan láìjẹ́ pé a ń da páákẹ́ẹ̀tì síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bèèrè rẹ̀. Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ inú IPv4 jẹ́ 268,435,456. Ẹ máa ronú olùfiránṣẹ́ bíi mélòó kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìsọdọ̀tun

Ìlà kì í jókòó jẹ́ẹ́. PIM kò ní ìdánilójú pé aládùúgbò rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ, nítorí náà ó ń tún un sọ ní gbogbo 60 ìṣẹ́jú àáyá. Tí ẹni tó wà lókè kò bá gbọ́ nǹkan fún 210 ìṣẹ́jú àáyá, á pa ìlà náà rẹ́. Mo ṣí tcpdump, tó ń fi páákẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá hàn, sórí okùn tó wà láàárín B àti A kí n lè rí bí ó ṣe rí.

Nínú ọ̀rọ̀ Join/Prune kan, èyí tí PIM fi ń bèèrè ẹgbẹ́ tàbí kọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ní olùfiránṣẹ́ kan ń jẹ báìtì 20. Tí a bá yọ àwọn orí kúrò nínú páákẹ́ẹ̀tì oníbáìtì 1,500, ẹgbẹ́ 73 ló wọ inú rẹ̀. Fún ẹgbẹ́ 2,000, páákẹ́ẹ̀tì 28 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Kò tó nǹkan. Tí ẹgbẹ́ bá di mílíọ̀nù kan, á di páákẹ́ẹ̀tì bíi 230 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì tó mẹ́gábíìtì mẹ́ta lórí okùn. Àwọn kan máa ń sọ pé ìsọdọ̀tun yìí ló ń jẹ bandwidth. Èmi ò rí ìyẹn. Ohun tó ń jẹ ni CPU, torí pé aago mílíọ̀nù kan ni ráútà gbọ́dọ̀ máa yí padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, lórí aládùúgbò kọ̀ọ̀kan. RFC 6559 ti 2012 gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ PIM gba orí TCP tàbí SCTP, tó ń rí i dájú pé ọ̀rọ̀ dé, kó má baà máa tún un sọ. Ìyẹn tu CPU lára. Ìlà inú tábìlì kò dín kù.

RP, MSDP, àti kòkòrò tí mo tú sílẹ̀

Ó yẹ kí n sọ ibi tí multicast ti ń bọ̀, torí ó burú ju èyí lọ tẹ́lẹ̀. MBone, nẹ́tíwọ́ọ̀kì multicast tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 lórí tunnel (páákẹ́ẹ̀tì multicast tí a dì sínú ti unicast), DVMRP ló ń lò. DVMRP á kọ́kọ́ da páákẹ́ẹ̀tì sí gbogbo ibi, ẹni tí kò bá fẹ́ á sọ pé òun ò fẹ́. Ráútà tó sọ pé òun ò fẹ́ náà gbọ́dọ̀ rántí pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹni tí kò jẹ nínú rẹ̀ ló ń san gbèsè rẹ̀. PIM Sparse Mode yí i padà: ẹni tó bá fẹ́ ni kó bèèrè.

Ẹni tó fẹ́ ẹgbẹ́ kan lè má mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ráútà ìpàdé, RP, wà fún ìyẹn: àwọn olùgbà ń bèèrè lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn olùfiránṣẹ́ ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Agbègbè kọ̀ọ̀kan fẹ́ RP tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ òun dúró lé ráútà ẹlòmíràn. MSDP ló so àwọn RP pọ̀: RP tó bá rí olùfiránṣẹ́ tuntun á kéde rẹ̀ fún àwọn RP yòókù, àwọn náà á kéde rẹ̀ síwájú. Gbogbo RP ayé ló ń gbọ́ nípa gbogbo olùfiránṣẹ́ ayé.

Mo gbé RP sí A, B àti D, mo so MSDP mọ́ ara wọn. Olùgbà 2,000 ń ṣiṣẹ́ dáadáa. RP ti B náà ti ní ìkéde 2,000 nínú àpótí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ B kò ní olùgbà kan ṣoṣo.

Mo wá kọ skríípùtì kékeré tó fi páákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì 5,000 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láti orí kọ̀ǹpútà kan ní A, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ráútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà dá ìlà 5,000 sílẹ̀, ó sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ọ̀rọ̀ Register lọ sọ́dọ̀ RP. RP ti A kéde 5,000. RP ti B gbà á, ó fún D. Páákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo péré lẹ́nu olùfiránṣẹ́, àmọ́ ìlà rẹ̀ lè jókòó sórí ráútà àkọ́kọ́ fún 210 ìṣẹ́jú àáyá. Ìkéde kọ̀ọ̀kan kò ju báìtì 12 lọ, ó kéré gan-an, àfi pé ẹni tó wà ní òpin ayé kejì náà gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀.

Èrò mi kọ́ ni skríípùtì yẹn. Ní oṣù kìíní 2001, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Ramen ń wá Linux tó lè wọ̀, ó ń yan àdírẹ́sì láìwòye, kò sì fo àwọn àdírẹ́sì ẹgbẹ́. Àdírẹ́sì multicast kọ̀ọ̀kan tó kàn sí di olùfiránṣẹ́ tuntun tí MSDP gbọ́dọ̀ kéde fún gbogbo ènìyàn, ìjì ìkéde sì gba àwọn RP. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Slammer tún ṣe irú rẹ̀. Kòkòrò méjèèjì kò mọ̀ pé multicast wà. Wọ́n kàn ń ju òkúta lójú òkùnkùn.

Àlẹ̀mọ́ wà fún un: ààlà lórí iye ìkéde tí RP máa gbà lọ́dọ̀ aládùúgbò, àti àkójọ ẹgbẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ààlà. Mo fi ààlà 500 sí B, D sì sinmi. Àwọn olùfiránṣẹ́ gidi tó dé lẹ́yìn tí àyè kún kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, nítorí pé RP kò lè mọ èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí. Ní tèmi, ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ka MSDP sí ohun ìgbà díẹ̀. BGMP ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde bí RFC 3913 ní 2004, kò sì ríṣẹ́ ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo pa RP

SSM gba ọ̀nà mìíràn: olùgbà fúnra rẹ̀ ni kó sọ orúkọ olùfiránṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́. Hugh Holbrook àti David Cheriton gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1999, IGMPv3 ti 2002 fún kọ̀ǹpútà ní ẹnu láti sọ ọ́, RFC 4607 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2006. 232.0.0.0/8 ni àyè rẹ̀. Olùfiránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ni gbogbo nǹkan bíi mílíọ̀nù 16.8 inú rẹ̀ fún ara rẹ̀, torí náà ìjà lórí ta ló ni àdírẹ́sì ẹgbẹ́ wo parí síbẹ̀.

Mo yí gbogbo skríípùtì sí SSM, mo yọ RP àti MSDP kúrò, ìwé ètò ráútà kọ̀ọ̀kan sì fúyẹ́. Skríípùtì kòkòrò kò tún lè ṣe nǹkan: ráútà àkọ́kọ́ rí páákẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, ó sọ ọ́ nù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí nìkan tó ìdí láti fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀, ohun tí RFC 8815 sì sọ ní 2020 nìyẹn, pé kí ọ̀nà tí olùgbà kò ti mọ olùfiránṣẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín agbègbè sí agbègbè.

Mo wá ka ìlà. Ráútà etí D, tó ń tọ́jú ìlà *,G (ẹgbẹ́, láìka olùfiránṣẹ́ sí) fún RP àti ìlà S,G (olùfiránṣẹ́ kan àti ẹgbẹ́ kan) fún olùfiránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ti 4,000 bọ́ sí 2,000. Ó dára. Mo lọ sí B.

2,000. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe wà.

Àpótí ìkéde RP ti B ti lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n tábìlì tí ráútà fi ń darí páákẹ́ẹ̀tì gangan kò yí padà rárá. S,G ni B ti ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, torí RP ti D máa ń bèèrè lọ sọ́dọ̀ olùfiránṣẹ́ ní A tààrà. Gbogbo oore tí SSM ṣe, àwọn tó wà ní etí ló jẹ ẹ́. Agbègbè tí a kàn ń gbà kọjá ṣì ń rántí ẹgbẹ́ àwọn tí kò mọ̀ rí, nínú mẹ́mórì chip tó gbówó lórí.

B kò sì rí owó kankan lórí rẹ̀. Bí iye bíìtì tó gba ẹnu ọ̀nà ni àwọn irú B ṣe máa ń gbowó. Olùfiránṣẹ́ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ wọlé, B ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá nínú ilé ara rẹ̀, ó sì gba owó ẹ̀dà kan. Ìṣirò yìí kò sí lórí láàbù mi, síbẹ̀ mo rò pé ó ti pa multicast láàárín agbègbè ju ohunkóhun tí tcpdump lè fi hàn lọ. Ẹni tó bá gbé sáfà tirẹ̀ sí etí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí àwọn CDN (ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà sí tòsí àwọn oníbàárà) ti ṣe, mọ ẹni tó ń sanwó fún un.

BIER lórí ìwé

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó fọwọ́ kan ìlà inú B gangan ni BIER, RFC 8279 ti 2017. Ráútà etí kọ̀ọ̀kan ní bíìtì tirẹ̀. Ráútà tí páákẹ́ẹ̀tì gbà wọlé á kọ okùn bíìtì sí orí rẹ̀, á tan bíìtì gbogbo etí tó fẹ́ ẹ, àwọn ráútà àárín á kàn wo bíìtì, wọ́n á bi tábìlì unicast wọn pé ẹnu wo ló lọ síbẹ̀, wọ́n á ṣe ẹ̀dà. Yálà ẹgbẹ́ 2,000 ni o, yálà mílíọ̀nù kan, ráútà àárín kò ní ìlà ẹgbẹ́ kankan.

Bí ẹni tó gbé ẹrù láti èjìká ọ̀tún sí òsì ni. Okùn bíìtì 256 jẹ́ báìtì 32 lórí páákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Tí etí bá ju 256 lọ, a ó pín wọn sí ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ ẹ̀dà tirẹ̀: etí 1,000 lè fẹ́ ẹ̀dà mẹ́rin láti ẹnu ọ̀nà. Ráútà ẹnu ọ̀nà sì gbọ́dọ̀ mọ etí tó fẹ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ìrántí náà ti kúrò ní àárín lọ sí etí, níbi tí ẹni tó ní oníbàárà wà. Mo fara mọ́ ìyẹn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú agbègbè kan ó mọ́gbọ́n dání. Láti agbègbè sí agbègbè, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pín bíìtì fún àwọn etí tí kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kò sì sí ìdí tí ráútà A fi gbọ́dọ̀ mọ orúkọ gbogbo etí inú D.

Kernel Linux kò ní BIER nínú, torí náà P4, èdè tí a fi ń kọ bí ráútà ṣe ń darí páákẹ́ẹ̀tì, lórí ráútà àfarawé bmv2 ni mo máa fi gbìyànjú rẹ̀, nínú B nìkan, kí A àti D máa lo SSM bó ṣe wà. Ráútà ẹnu ọ̀nà B ni yóò máa yí ìlà S,G sí okùn bíìtì. Mo ti kọ tábìlì tó ń ka bíìtì. Apá tó ń ṣe ẹ̀dà, tó sì ń pa bíìtì tó ti lọ kí páákẹ́ẹ̀tì má baà máa yí po, ló kù.